Táyà Tó Ń Kú Lórí Ìjókòó: Ìtàn Táyà Ọkọ̀-Ilé

Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Goodyear ní Amẹ́ríkà gbà láti pe táyà 173,237 padà. G159 ni orúkọ táyà náà. Ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun, torí gbogbo ìgbà ni wọ́n ń pe nǹkan padà lọ́hùn-ún. Ohun tó mú mi dúró ni pé Goodyear ti jáwọ́ nínú ṣíṣe táyà yẹn láti ọdún 2003.

Ọdún 19 gbáko! Ta ló ń pe táyà tó ti pé ọdún 19 padà? Ṣé táyà yẹn ṣì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ ni?

Ẹ fara balẹ̀, ẹ wá nǹkan mu, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Ọkọ̀ tí wọ́n fi táyà yẹn sí ni èyí tí wọ́n ń pè ní motorhome. Èmi á máa pè é ní ọkọ̀-ilé. Ẹ fojú inú wo bọ́ọ̀sì ńlá tí wọ́n yọ àwọn àga inú ẹ̀, tí wọ́n wá kó bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì, sítóòfù, ilé ìwẹ̀ àti táǹkì omi sí i. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ló ń rà á, tí wọ́n á fi máa wo ayé kiri láìsan owó hòtẹ́ẹ̀lì. Pierce-Arrow ṣe ọ̀kan fún àwọn olówó lọ́dún 1910. Láti 1966 ni Winnebago, ní ìlú Forest City ní ìpínlẹ̀ Iowa, ti wá ń ṣe irú èyí tí òṣìṣẹ́ lásán náà lè dá owó jọ rà.

Ìgbé ayé ọkọ̀-ilé ò jọ ti ọkọ̀ yòókù rárá, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń kó èrò ń rìn lójoojúmọ́, ojú táyà ẹ̀ á ti fá tán kí táyà náà tó darúgbó. Ọkọ̀-ilé lè jókòó sẹ́yìnkùlé fún oṣù mẹ́wàá, oòrùn ń pa á, yìnyín ń bọ́ lé e. Tó bá di ìgbà ìsinmi, wọ́n á di ẹrù kún un, wọ́n á pọn omi kún táǹkì, wọ́n á kọrí sí ọ̀nà márosẹ̀ nínú ooru Arizona, eré ò sì ní dúró. Ojú táyà yẹn ṣì jinlẹ̀ bíi tuntun o. Inú ẹ̀ ló ti bàjẹ́.

Kí ló ń ba inú ẹ̀ jẹ́? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Lọ́dún 1839, Charles Goodyear rí i pé téèyàn bá po rọ́bà pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́, tó sì fi iná sí i, rọ́bà náà ò ní yọ́ mọ́ nígbà ooru, kò sì ní gan mọ́ nígbà òtútù. Ó gba ìwé-àṣẹ lé e lórí lọ́dún 1844. (Òun kọ́ ló dá ilé-iṣẹ́ Goodyear sílẹ̀ o. Ó kú lọ́dún 1860, wọ́n wá fi orúkọ ẹ̀ sọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún 1898.) Vulcanization ni wọ́n pe iṣẹ́ yẹn, láti ara Vulcan, òrìṣà iná àti alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù. Fọ́gánáísà tó ń lẹ táyà ní ìkóríta yín, ibẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ ẹ̀ ti wá. Ẹ lè ní wọ́n fi Ògún àwọn Róòmù sọ ọ́ lórúkọ, ẹ ò ṣìnà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Goodyear bẹ̀rẹ̀ lórí iná yẹn kì í parí sí ilé-iṣẹ́. Ooru ojú ọ̀nà àti ọ́síjìn inú atẹ́gùn tá a fẹ́ sínú táyà ń bá a lọ díẹ̀díẹ̀, títí rọ́bà á fi le jù, tí kò ní lè nà mọ́. Ibi tó kọ́kọ́ máa ń dùn ún ni abẹ́ ojú táyà, níbi tí rọ́bà ti di wáyà irin mú. Èèyàn ò lè rí ibẹ̀. Bí ìdè yẹn bá já lórí eré, gbogbo ojú táyà á ṣí kúrò bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ìjókòó pàápàá ń ṣe é léṣe. Àwọn tó ń ṣe táyà máa ń po irú ìda kan mọ́ rọ́bà. Bí táyà bá ń yí, tó ń tẹ̀ tó ń nà, ìda yẹn á máa rọra jáde wá sí ara ẹ̀, á máa dáàbò bò ó lọ́wọ́ ozone inú afẹ́fẹ́. Táyà tó jókòó sójú kan kì í rí ìda yẹn tó. Á máa là wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi ìpara para nígbà ọyẹ́.

Nítorí náà, ẹni tó ra ọkọ̀-ilé àtijọ́, tó bẹ̀rẹ̀, tó wo ojú táyà, tó ní "ṣebí ó ṣì dáa," nǹkan tí kò lè dá a lóhùn ló ń bi léèrè. Ọjọ́ orí táyà ló yẹ kó béèrè.

Ibo ni ọjọ́ orí wà? Lára ẹ̀gbẹ́ táyà. Láti 1971 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tẹ nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT sára táyà, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n á pè padà bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn ló ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Kí ó tó di ọdún 2000, nọ́ńbà mẹ́ta ni. 238 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún tó parí sí 8. Ìkejìdínlọ́gọ́rin ni àbí ìkejìdínlọ́gọ́rùn-ún? Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó dà bíi pé ẹni tó ṣètò ẹ̀ ò lérò pé táyà lè lo ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Ó ti gbàgbé àwọn ọlọ́kọ̀-ilé. Lónìí, táyà tẹ́ ẹ bá bá nọ́ńbà mẹ́ta lára ẹ̀, kò sí àríyànjiyàn kankan mọ́, ẹ yọ ọ́ dànù.

(Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra táyà tòkunbọ̀ l'Ékòó, nọ́ńbà yìí kan náà ló wà lára ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń fi nǹkan dúdú kùn kó lè máa dán. Ẹ wo nọ́ńbà, ẹ fi dídán sílẹ̀.)

Ọdún mélòó ló wá tó? Àwọn tó ń ṣe é ò fẹnu kò. Lọ́dún 2005 ni Ford ti ń sọ fún àwọn oníbàárà ẹ̀ pé kí wọ́n pààrọ̀ táyà lẹ́yìn ọdún 6, yálà ojú ẹ̀ fá o, kò fá o. Michelin ní kí ọ̀jọ̀gbọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún lẹ́yìn ọdún 5, kó má sì kọjá ọdún 10 láé, títí kan èyí tó wà nípamọ́. Lójú tèmi, fún ọkọ̀ tó wúwo tó ń pẹ́ lórí ìjókòó, ẹni tó bá dúró dé ọdún 10 ń ta tẹ́tẹ́ ni.

Ọkọ̀-ilé kan wà táwọn èèyàn fẹ́ràn gan-an títí dòní, GMC Motorhome. General Motors ṣe é láti 1973 sí 1978, nǹkan bí 12,900 péré ni wọ́n ṣe, ẹ̀yìn ìyẹn wọ́n pa iṣẹ́ náà tì. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Iwájú ni ẹ́ńjìnnì ti ń fa ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì Oldsmobile Toronado, ìdí ọkọ̀ sì sún mọ́lẹ̀ débi pé ìgbésẹ̀ kan lo máa fi wọlé. Wíìlì mẹ́fà ló ní: méjì níwájú, mẹ́rin lẹ́yìn, ọ̀kan ń tẹ̀ lé ọ̀kan.

Wàhálà ẹ̀ ni rímù. Ínǹṣì 16.5 ni. Nígbà yẹn, rímù 16.5 wọ́pọ̀ lára àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké, kódà ọkọ̀ ológun Humvee lò ó. Nígbà tó yá, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ padà sí 16, àwọn tó ń ṣe táyà 16.5 wá ń dín kù lọ́dọọdún. Ọkọ̀ ṣì wà, ẹ́ńjìnnì ń dún, táyà tó bá a mu ló wọ́n.

Kí lẹ rò pé àwọn kan ṣe? Wọ́n mú táyà 16, wọ́n fi tipátipá kì í bọ rímù 16.5. Ìdajì ínǹṣì péré ṣá ni, àbí? Ó máa wọlé o! Ìyẹn gan-an ni ewu ẹ̀. Ó máa wọlé, àmọ́ etí ẹ̀ ò ní jókòó dáadáa sára rímù. Fọ́gánáísà á rí i pé kò tíì jókòó, á tún fẹ́ atẹ́gùn sí i, á tún fẹ́ sí i, títí wáyà tó wà létí táyà á fi já, tí gbogbo ẹ̀ á bẹ́ bíi bọ́ǹbù.

Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ kan lọ́dún 1990, ẹjọ́ náà sì dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Texas. Àwòrán àti ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ wà lára táyà yẹn pé kí ẹnikẹ́ni má so ó mọ́ rímù 16.5. Ilé-iṣẹ́ Uniroyal Goodrich ní, ṣebí àwọn ti kìlọ̀. Lọ́dún 1998, ilé-ẹjọ́ dá wọn lóhùn pé bí ọ̀nà bá wà láti fi wáyà tó lágbára jù ṣe etí táyà náà, ìwé ìkìlọ̀ nìkan ò lè gbà wọ́n sílẹ̀. Wáyà ọ̀hún wà, àwọn mìíràn tó ń ṣe táyà ti ń lò ó.

Àwọn tó ní GMC lónìí ti yanjú tiwọn: ọ̀pọ̀ nínú wọn pààrọ̀ rímù pátápátá sí 16, wọ́n wá ń lo táyà LT225/75R16 tó jẹ́ load range E, tí agbára ẹrù ẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ kíyè sí i pé rímù ni wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀. Rímù náà ní ìwọ̀n ẹrù àti ìwọ̀n atẹ́gùn tó lè gbà. Ẹni tó so táyà tuntun alágbára mọ́ rímù àtijọ́, tó wá fẹ́ ẹ dé 80 psi torí pé táyà lè gbà á, ó ti gbàgbé pé rímù náà ò gbọ́dọ̀ fọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí G159, torí òun ni mo tìtorí ẹ̀ kọ gbogbo èyí.

Lọ́dún 1974, nítorí ọ̀wọ́n epo, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi òfin dé eré sí máìlì 55 ní wákàtí kan. Lọ́dún 1987 wọ́n gbà kí àwọn ọ̀nà ìgbèríko kan dé 65. Lọ́dún 1995 wọ́n fagi lé òfin náà pátá, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wá ń dá tiẹ̀ ṣe: 70, 75. Ní àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ̀-ilé ń tóbi sí i, tí wọ́n ń fi iyàrá tó ń yọ síta sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń wúwo sí i. Ní 1996 ni Goodyear bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe G159, ìwọ̀n 275/70R22.5. Àwọn agbẹjọ́rò tó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní ọkọ̀ tó ń pín ẹrù láàárín ìlú ni wọ́n ṣe é fún, irú èyí tó ń sáré díẹ̀ tó ń dúró, tí táyà ẹ̀ ń rí àyè tutù. Máìlì 65 ni wọ́n kọ́kọ́ kọ fún un. Ní 1998 wọ́n gbé e sí 75.

Táyà tó yẹ kó máa sinmi ní ìkóríta wá ń gbé ilé odindi sáré wákàtí mẹ́rin láìdúró nínú aṣálẹ̀.

Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dojú dé. Nígbà tí àjọ NHTSA tó ń mójú tó ààbò ojú pópó wá kà á, èèyàn 8 ló ti kú, 69 sì ti fara pa nínú àwọn jàǹbá tó jẹ mọ́ ọn láàárín 1998 sí 2015. Goodyear ò gbà pé táyà náà ní àbùkù. Wọ́n ní àwọn tó ni ọkọ̀ ló di ẹrù jù, tí wọn ò fẹ́ atẹ́gùn tó. Ká sòótọ́, ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé ló máa ń di ẹrù jù. Ṣùgbọ́n bí táyà bá fi ojú abẹ́rẹ́ ṣe ààyè tó fi sílẹ̀ láàárín ẹrù tó ń rù àti ẹrù tó lè rù, ta ló ṣe é bẹ́ẹ̀?

Ohun tó ń bí mi nínú jù kì í ṣe táyà fúnra ẹ̀. Àṣírí tí wọ́n fi bò ó ni. Bí ìdílé kan bá pè wọ́n lẹ́jọ́, wọ́n á san owó, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé, àwọn ìwé ẹ̀rí á di ohun tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ rí. Ìdílé tó kàn á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ọkọ̀-ilé ìdílé kan dojú dé lọ́dún 2003, wọ́n gbé ẹjọ́ lọ sí Arizona. Ọdọọdún ni lọ́yà wọn ń béèrè pé kí Goodyear kó èsì gbogbo àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún G159 wá. Wọ́n parí ẹjọ́ ní ìtùnbí-ìnùbí lọ́dún 2010. Lẹ́yìn náà ni lọ́yà yẹn kà á nínú ìwé ìròyìn pé, nínú ẹjọ́ mìíràn, Goodyear ti kó àyẹ̀wò kan jáde tó fi hàn pé G159 máa ń gbóná lọ́nà tó ṣàjèjì láàárín máìlì 55 sí 65. Wọn ò fi hàn án rí! Ó padà sílé-ẹjọ́. Adájọ́ rí i pé wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ní kí wọ́n san $2.7 mílíọ̀nù owó lọ́yà. Ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà lọ́dún 2017. Adájọ́ Elena Kagan kọ ìdájọ́ pé owó lọ́yà tó jẹ́ pé ìwà yẹn gan-an ló fà á nìkan ni wọ́n lè gbà, kí ilé-ẹjọ́ ìsàlẹ̀ lọ tún un ṣírò. Nítorí náà, nínú ìwé òfin, ẹjọ́ yẹn di ẹjọ́ owó lọ́yà. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin lè kà á tán láìrò nípa àwọn tó wà nínú ọkọ̀ náà.

Ìgbà tí àwọn ìwé náà wá dọ́wọ́ NHTSA ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwádìí, ní oṣù kejìlá 2017. Oṣù kejì 2022 ni wọ́n kọ̀wé sí Goodyear pé kí wọ́n pe táyà náà padà, oṣù kẹfà ni Goodyear gbà.

Ṣé ẹ ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀? Ìdí tó fi tọ́ láti pe táyà ọdún 19 padà ni pé ọkọ̀-ilé ò rìn tó láti fá ojú ẹ̀. Ó lè ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀ kan lẹ́yìnkùlé ẹnì kan, kó máa dán.

Àwọn òfin tó wá látinú wàhálà mìíràn ò bá ọkọ̀-ilé ńlá dé ibi tó yẹ. Lẹ́yìn tí Firestone pe táyà 6.5 mílíọ̀nù padà ní oṣù kẹjọ ọdún 2000 nítorí jàǹbá Ford Explorer, wọ́n ṣe òfin TREAD, òun ló bí ẹ̀rọ tó ń ta awakọ̀ lólobó bí atẹ́gùn táyà bá lọ sílẹ̀. Ó di dandan fún ọkọ̀ tí kò wúwo ju 10,000 pọ́ùn lọ. Ọkọ̀-ilé ńlá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, èyí tó ni í ló máa fi owó ara ẹ̀ rà á. Kó rà á.

Tí ẹ bá wá ní mọ̀lẹ́bí lọ́hùn-ún tó ti fojú sí ọkọ̀-ilé àtijọ́ kan tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó (mo mọ̀ pé wọ́n wà, mò ń rí fọ́tò yín), ẹ ní kó di gbogbo ẹrù rẹ̀ sínú ẹ̀, kó pọn omi kún táǹkì, kó wá gbé e lọ síbi ìwọ̀n, kí wọ́n wọn wíìlì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Gálọ́ọ̀nù omi kan lé ní 8 pọ́ùn. Bí táǹkì, fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀ bá wà lápá kan náà, apá yẹn lè ti ju agbára táyà lọ nígbà tí àròpọ̀ gbogbo ọkọ̀ náà ṣì bá òfin mu. Apá tó wúwo jù ló máa fi yan táyà, kó wo tábìlì ẹrù àti atẹ́gùn tí ilé-iṣẹ́ táyà náà gbé jáde, kó sì yan èyí tí ẹrù ẹ̀ ò ní kan góńgó agbára ẹ̀. Táyà tí wọ́n kọ ST sí, ọkọ̀ tí wọ́n ń fà lẹ́yìn ni tiẹ̀, kó má fi sẹ́sẹ̀ ọkọ̀-ilé bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Kí ó tó sanwó, kó ka DOT táyà "tuntun" náà, torí táyà lè ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́ta.

Ẹni tó ń tà á á ní táyà rẹ̀ ṣì dáa. Kó gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹ, kó wọ abẹ́ ọkọ̀ náà lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni wọ́n máa ń kọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún sí lọ́pọ̀ ìgbà, inú lọ́hùn-ún ni ẹ̀gbẹ́ yẹn sì sábà máa ń kọjú sí.